Ulf Andersson àti ayò tí kì í pariwo

Ẹ to ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì yín, kí ẹ bá mi gbé àwọn ọmọ yìí: 1.Nf3 Nf6 2.c4 g6 3.Nc3 d5 4.cxd5 Nxd5 5.e4 Nxc3 6.dxc3 Qxd1+ 7.Kxd1. (N ni ẹṣin, B ni bíṣọ́ọ̀bù, Q ni ayaba, K ni ọba; x túmọ̀ sí jíjẹ; bí kò bá sí lẹ́tà ńlá, pọ́ọ̀nù ni.) A ò tíì jìnnà, ayaba méjèèjì ti kúrò nílẹ̀. Ọba funfun jókòó sí d1, kò sì lè ṣe castling mọ́, ìyẹn kí ọba àti rúùkù jọ sún lẹ́ẹ̀kan náà kí ọba lè wọ ilé (O-O). Pọ́ọ̀nù méje ló kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, orí ìlà kan náà ni wọ́n sì ti dojú kọ ara wọn: a, b, c, e, f, g, h. Ìlà d nìkan ló ṣí gbayawu. Níbi ìdíje, ọ̀pọ̀ èèyàn á bọ ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀ pé ọ̀mì ni, wọ́n á lọ jẹun. Ní ti Ulf Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ibẹ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀ rèé. Ẹni tó fi ọwọ́ dúdú gbé g6 àti d5 ń wá Grünfeld, ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ kan fún dúdú. Ó fẹ́ kí funfun kó pọ́ọ̀nù sí d4 àti e4, kí òun wá fi bíṣọ́ọ̀bù g7 àti pọ́ọ̀nù c5 máa gbọn ín láti ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi wó. Tí funfun bá fi pọ́ọ̀nù b jẹ ní 6.bxc3, ohun tí dúdú ń fẹ́ gan-an ló ṣe fún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ pọ́ọ̀nù d ló fi jẹ, kò sí nǹkan kan ní d4 tí èèyàn máa gbọ̀n. Bíṣọ́ọ̀bù g7 á tẹjú mọ́ c3, pọ́ọ̀nù b2 sì wà lẹ́yìn c3 digbí. Ọba á rọra bọ́ sí c2, yóò máa ṣọ́ b2 àti c3, yóò sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí rúùkù lè dé d1. Bíṣọ́ọ̀bù kan á lọ sí e3, èkejì sí c4. Pọ́ọ̀nù f3 á di e4 mú, tàbí kí f4 fẹ ilẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, a4, a5, díẹ̀díẹ̀.

Níbo ni dúdú ti máa ń ṣìnà? Ó ti gbà pé ọ̀mì ni, ló bá ń gbé ọmọ láì ronú. Á gbé bíṣọ́ọ̀bù sí g7, á tún gbé pọ́ọ̀nù sí e5, bíṣọ́ọ̀bù náà á sì há sẹ́yìn pọ́ọ̀nù tirẹ̀ títí ayò á fi parí. Tàbí kó gbé bíṣọ́ọ̀bù kejì sí e6 pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ti c4, láì tíì múra sílẹ̀: funfun á jẹ ẹ́ ní e6, pọ́ọ̀nù f á gbẹ̀san, pọ́ọ̀nù e méjì á wá tò tẹ̀ léra wọn láìsí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe ńlá nínú wọn. Ohun kéékèèké ni. Àwọn ohun kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni Andersson ń kó jọ, tó fi di ẹni kẹrin lágbàáyé lórí àkójọ FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ní 1983.

Wọ́n ní ọ̀mì ló ń ta. Òótọ́ ni, ọ̀mì rẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì dé ìgbésẹ̀ ogún. N kò ní í gbèjà ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá wo àwọn ayò tó ta gan-an, á rí i pé ìbẹ̀rù kọ́ ló ń mú un kó ayaba kúrò nílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ohun tó lè bú gbàmù bá ti kúrò lórí ọpọ́n, òye nìkan ló kù, òye tirẹ̀ sì ga ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀.

Ilẹ̀ tó ti jáde kì í ṣe ilẹ̀ òpè nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Láàárín 1930 sí 1940, Sweden ní ọkùnrin mẹ́ta tí gbogbo Yúróòpù mọ̀: Gideon Ståhlberg, Gösta Stoltz àti Erik Lundin. Ståhlberg ló lókìkí jù. Ó borí Spielmann ní 1933, ó borí Nimzowitsch ní 1934, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ni àwọn méjèèjì. Ó lọ ta fún Sweden níbi Olympiad, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ní Buenos Aires ní 1939, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, kò sì padà sílé títí di 1948. Nígbà tí FIDE kọ́kọ́ pín oyè Grandmaster, oyè gíga fún ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì, ní 1950, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di adájọ́ àgbà fún àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdíje àgbáyé. Leningrad ló kú sí ní 1967, ìdíje ló bá lọ. Stoltz, tó gba oyè tirẹ̀ ní 1954, ti ṣáájú rẹ̀ kú ní 1963. Nígbà tí Andersson, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, 1951, máa gba oyè Grandmaster ní 1972, kò sí Grandmaster kankan tó ṣì wà láàyè ní Sweden. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni, òun nìkan ló sì ru ẹrù orílẹ̀-èdè náà.

Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn ló gba ẹ̀kọ́ tó tóbi jù, ọwọ́ Bobby Fischer, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ará Amẹ́ríkà, ló sì ti gbà á. Lẹ́yìn Olympiad ti Siegen ní Jámánì ní 1970, ìwé ìròyìn kan ní Sweden ṣe agbátẹrù ayò kan ṣoṣo láàárín àwọn méjèèjì. Andersson jẹ́ ọmọ ọdún 19. Fischer, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tí kì í fi e4 ṣeré, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.b3. Ó to pọ́ọ̀nù rẹ̀ sí a3, b3, d3, e3, bí ẹni tó wá sùn. Andersson gba àárín ọpọ́n, ó gbé pọ́ọ̀nù sí e5 àti d5, ó wọ ilé, gbogbo nǹkan dà bíi pé ó dára. Ìgbà náà ni Fischer gbé ọba sí h1, rúùkù sí g1, ó sì rán pọ́ọ̀nù g lọ sí g4. Ẹ wò ó dáadáa: iwájú ọba ara rẹ̀ ló ń tú, kò sì sẹ́ni tó lè fìyà jẹ ẹ́ fún un, torí àárín ọpọ́n ti dì, kò sí ọ̀nà tí ọmọ dúdú lè gbà yára dé ọ̀dọ̀ ọba náà. Pọ́ọ̀nù g ń sún mọ́ f6, rúùkù wà lẹ́yìn rẹ̀. Andersson pàdánù.

Ìtò tí Fischer lò yẹn ni àwọn ọ̀ta ń pè ní Hedgehog, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kékeré. Funfun ló fi tò ó lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọwọ́ dúdú ni ibùgbé rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, Andersson wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun ìjà gidi. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà débẹ̀ nìyí: 1.c4 c5 2.Nf3 Nf6 3.Nc3 e6 4.g3 b6 5.Bg2 Bb7 6.O-O Be7 7.d4 cxd4 8.Qxd4 d6, tí a6 àti Nbd7 á sì tẹ̀ lé e. Pọ́ọ̀nù dúdú mẹ́rin dúró ní ìlà kẹfà: a6, b6, d6, e6. Kò sí ọ̀kan tó kọjá àárín. Funfun ní c4 àti e4, ó ní ilẹ̀ tó fẹ̀, ó ń mí fàlàlà. Ayaba dúdú lọ sí c7, nígbà mìíràn sí b8, rúùkù sí c8 àti e8. Lẹ́yìn náà, dúdú dúró.

Ìdúró yẹn ló ń tan èèyàn. Ẹni tó ní ilẹ̀ púpọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ilẹ̀ púpọ̀. Pọ́ọ̀nù c4 ń fẹ́ olùṣọ́, e4 ń fẹ́ olùṣọ́, bí funfun bá sì gbìyànjú láti tẹ̀ síwájú, ihò á ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Dúdú ní ìbúgbàù méjì lọ́wọ́: b5 àti d5. Kí dúdú tó gbé d5, ó gbọ́dọ̀ kà. Pọ́ọ̀nù e6, ẹṣin f6 àti bíṣọ́ọ̀bù b7, gbogbo wọn ló ń wo d5. Lọ́dọ̀ funfun, pọ́ọ̀nù c4, pọ́ọ̀nù e4, ẹṣin c3, àti rúùkù d1 bí ó bá wà níbẹ̀. Ìdáhùn tó burú jù fún dúdú ni kí funfun má jẹ pọ́ọ̀nù náà rárá, kó rán e4 lọ sí e5, kó lé ẹṣin f6. Ìdí nìyẹn tí ayaba fi ń lọ sí c7 tàbí b8: bí pọ́ọ̀nù d6 bá ti kúrò, ojú ayaba á là tààrà dé e5. Ẹṣin d7 náà ń wo ibẹ̀. Ẹni tó bá gbé d5 nígbà tí ayaba rẹ̀ ṣì wà ní d8, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gbẹ́ kòtò.

B5 náà ní ti ẹ̀. Bí funfun bá ti gbé a4, ìṣirò yẹn á yí padà, torí c4, a4 àti ẹṣin c3 ló ń wo b5 báyìí. Dúdú tó bá kánjú á pàdánù pọ́ọ̀nù, kò sì ní í rí nǹkan gbà dípò rẹ̀. Ohun tí Andersson mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kó má gbé e. Á gbé rúùkù láti e8 sí d8, á gbé e padà. Á gbé bíṣọ́ọ̀bù láti e7 sí f8. Ẹni tó wà ní iwájú rẹ̀, tí agara ti dá, á gbé pọ́ọ̀nù kan tí kò yẹ kó gbé, b5 tàbí d5 á sì dé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà tí Fischer fi hàn án ní Siegen ṣì wà, ní ìdàkejì: ọba sí h8, rúùkù sí g8, pọ́ọ̀nù sí g5. Ní 1975, ọdún tí Anatoly Karpov di aṣájú àgbáyé, Andersson fi ọwọ́ dúdú borí rẹ̀ ní Milan. Àwọn tó lè fẹnu sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn kò pọ̀.

Ìpalára ọ̀nà yìí ńkọ́? Ayò kan wà tó fi í hàn ju gbogbo ìwé lọ: Tilburg, 1981, Garry Kasparov ọmọ ọdún 18 ní ọwọ́ funfun. Andersson kó ọmọ lọ kó ọmọ bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹṣin kan pààrọ̀ ara rẹ̀ ní e4, bíṣọ́ọ̀bù b7 rìn dé g6, ẹṣin kejì lọ sí c6, ó sì tún gba a7. Ní ìgbésẹ̀ kẹrìnlá, ọba dúdú ṣì wà ní e8. Kasparov gbé pọ́ọ̀nù sí d5, ó fi tọrẹ. Kò gbà á padà kíákíá. Ohun tó rà ni ọ̀nà: bíṣọ́ọ̀bù b2 ríran títí dé g7, ìlà e fẹ́ẹ̀ ṣí, ẹṣin a7 sì wà ní ìkangun ọpọ́n níbi tí kò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ní ìgbésẹ̀ kẹrìnlélógún, ẹṣin funfun jẹ pọ́ọ̀nù f6, ayaba wọlé ní g6 pẹ̀lú ìkìlọ̀ fún ọba, ó parí. Níbẹ̀ la ti rí ohun tí sùúrù Andersson ń béèrè kó tó lè ṣiṣẹ́: ọba gbọ́dọ̀ ti wọ ilé, àárín ọpọ́n sì gbọ́dọ̀ dì. Bí ẹnì kan bá lè ṣí àárín kí ọba tó wọlé, sùúrù á di ìfàsẹ́yìn lásán.

Síbẹ̀, àwọn ọdún yẹn gan-an ni ọdún rẹ̀. Ó ti gba ìdíje Capablanca ní Kúbà lẹ́ẹ̀mejì, 1974 ní Camagüey àti 1975 ní Cienfuegos. Ó gba Hastings ní 1978/79, ó tún gbà á ní 1980/81. Ní 1982, òun àti Karpov jọ pín ipò kìíní ní London, wọ́n tún jọ pín in ní Turin. Wijk aan Zee ti 1983, òun nìkan ló gbà á. Nígbà tí Soviet bá ìyókù ayé ta ní London ní 1984, Andersson ni wọ́n gbé sí ọpọ́n àkọ́kọ́ fún ìyókù ayé. Karpov ló bá ta ayò mẹ́rin: ó pàdánù ọ̀kan, mẹ́ta tó kù jẹ́ ọ̀mì. Soviet fi 21 sí 19 borí.

Àmọ́ kò dé ìdíje àwọn Candidates rí, ìyẹn ẹnu ọ̀nà sí àga aṣájú àgbáyé. Mo rò pé ọ̀mì ló fà á, ìṣirò rẹ̀ ò sì ṣòro. Níbi ìdíje tí a pè ọ́ sí, ẹni tí kò pàdánù rárá, tó borí mẹ́rin, tó ta ọ̀mì mẹ́sàn-án, máa ń wà lókè. Níbi Interzonal, ìdíje tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa dé Candidates, àwọn aláìlágbára wà níbẹ̀ tí gbogbo àwọn olórí ń jẹ bí ẹ̀bà. Ẹni tó bá bá méjì nínú wọn ta ọ̀mì ti fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ibi tí kò sẹ́ni tó ń bá a du ni ìparí ayò, pàápàá ti rúùkù. Àwọn òfin tó ń tẹ̀ lé kì í ṣe àṣírí, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ló ń kọ́ wọn. Ìṣòro wà nínú bí a ṣe ń pa wọ́n mọ́. Ẹni tó ń lépa, ọmọ ńlá ni kó máa pààrọ̀, kó fi pọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ẹni tó ń sá, pọ́ọ̀nù ni kó máa pààrọ̀. Ìdí ni pé pọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́ta ní apá kan ṣoṣo, pẹ̀lú rúùkù kọ̀ọ̀kan, sábà máa ń jẹ́ ọ̀mì bí olùgbèjà bá mọṣẹ́. Mẹ́ta sí méjì tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí pọ́ọ̀nù rẹ̀ fi ọ̀kan lé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí gbogbo ìjà kó sí apá kan. Ó gbọ́dọ̀ dá wàhálà sílẹ̀ ní apá kejì, ní a tàbí ní b, kí rúùkù olùgbèjà lè máa sáré láàárín méjèèjì. Rúùkù kan kò lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà méjì.

Òfin ìgbà yẹn náà bá a lára mu. Ìgbésẹ̀ ogójì láàárín wákàtí méjì ààbọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á dá ayò dúró. Ẹni tó kàn á kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sínú àpòòwé, adájọ́ á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á lọ sùn, wọ́n á padà wá. Andersson lè tún ibì kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì kó lè dé ogójì láìṣe wàhálà, kò ní í jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀mẹta torí ọ̀mì ni ìyẹn. Lálẹ́, á wo ọpọ́n náà títí. Láyé òde òní tí kò sí ìdádúró mọ́, ìdajì ohun ìjà yẹn ti lọ.

Ní ọjọ́ 6 sí 7, oṣù Kìíní, 1996, ní Älvsjö lápá gúúsù Stockholm, ó bá èèyàn 310 ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó borí 268, ó ta ọ̀mì 40, ó pàdánù 2. Wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 23 ló gbà. Ẹ pín in: kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ayò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ìrìn láti ọpọ́n dé ọpọ́n. Bí ayò kan bá gba ọgbọ̀n ìgbésẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ló ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń rìn yípo bẹ́ẹ̀ kò lè máa ronú pé bí mo bá ṣe báyìí, yóò ṣe báyẹn. Ojú ló ń fi mọ ibi tó yẹ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn oníjà líle máa ń wọ wàhálà níbi irú èyí, torí ìjà kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò tirẹ̀, wọ́n sì máa ń gbàgbé èyí tí wọ́n ṣe lọ́pọ́n 57 kí wọ́n tó yípo dé ibẹ̀ padà. Ẹni tó kó ayaba kúrò nílẹ̀, tó ní pọ́ọ̀nù tó dúró re, kò ní nǹkan púpọ̀ láti rántí. Àkọsílẹ̀ yẹn dúró títí Andrew Martin fi bá 321 ta ní 2004. Susan Polgar bá 326 ta ní Florida ní 2005. Lẹ́yìn náà, Ehsan Ghaem Maghami ti Iran bá 604 ta ní 2011.

Ní ọdún 1996 yẹn kan náà, ICCF, àjọ àgbáyé fún ṣẹ́ẹ̀sì orí lẹ́tà, fún un ní oyè Grandmaster tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ó ta á débi pé ó bọ́ sí òkè pátápátá lórí àkójọ wọn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà níhìn-ín, ọjọ́ mẹ́ta lọ́hùn-ún, tí a bá sì kó àwọn ayò náà sílẹ̀ láì kọ àkókò sí wọn, irú kan náà ni wọ́n: pọ́ọ̀nù tí kò yára, ọmọ tó ń padà sẹ́yìn láti lọ jókòó síbi tó dára jù, àti alátakò kan tó ń wá ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ fún un, tí kò rí i.